Agbẹnusọ Abẹ́rẹ́

Abẹ́rẹ́ kéré lóòótọ́, kì í ṣe mímì adìẹ.
Ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀
kò ju ti èèrà tó ń rìn lórí ìwé lọ.
Mo gbé etí lé giramafóònù bàbá mi,
àwo ń yí, abẹ́rẹ́ ń sọ̀rọ̀,
akọrin ń kọrin láti ìsàlẹ̀ kàǹga
bí ẹni tó jẹ gbèsè, tí kò fẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé òun wà nílé.

Ó nílò agbẹnusọ.
Ampilifáyà àtijọ́ ti jóná lóru ọjọ́ tí iná dé lójijì,
tó gbé fíríìjì ìyá mi lọ, tó gbé gílóòbù mẹ́fà lọ,
tó fi òórùn rọ́bà sílẹ̀ ní pálọ̀ di ọjọ́ kẹta.

Mo bá gba ọ̀nà Arákàlẹ̀ lọ.
Ọmọkùnrin ìsọ̀ àkọ́kọ́ gbé ọ̀kan jáde,
iná pupa, iná búlúù, ó ń ṣẹ́jú sí mi.
"Ẹgbẹ̀rún márùn-ún wọ́ọ̀tì, àǹtí!
Ẹ tàn án, wọ́n á gbọ́ ọ ní Ọ̀bà-Ilé."
Mo ní àwọn ará Ọ̀bà-Ilé kò rán mi níṣẹ́.
Mo ní ihò abẹ́rẹ́ dà, èyí tí wọ́n ń kọ "fónò" sí?
Ó yí ẹ̀yìn ẹ̀rọ wò, ó wò mí.
"Bulutúùtù wà níbẹ̀," ló wí.

Bàbá mi, kòkó ló ń yẹ̀ wò láyé rẹ̀.
Kì í gba àpò gbọ́, kì í gba olóko gbọ́.
Ọ̀bẹ kékeré kan ló ní,
a la horo sí méjì, a gbé e sójú oòrùn:
èyí ti bu, èyí ti hù,
èyí, ẹ gbé e sọ́tọ̀ fún mi.
Mo bá ní kí ọmọkùnrin náà tú ìdérí.
Atẹ́gùn ló kún inú àpótí,
atẹ́gùn, àti irin kan tí kò tó awẹ́ obì.
Mo dúpẹ́. Mo jáde.

Ìsọ̀ Famúrewà wà lẹ́yìn ọjà Erékèsán,
láàrin ẹni tó ń pọ́n ọ̀bẹ àti ẹni tó ń ta òróró ọkọ̀.
Kò bi mí pé èló ni mo mú wá.
"Yàrá yín ti tóbi tó? Ta ló ń sùn ní yàrá kejì?"
Ó fa ọ̀kan yọ lábẹ́ tábìlì, ará Japáàn, onípákó,
rédíò wà nínú rẹ̀, ó dàgbà jù mí lọ,
ogójì wọ́ọ̀tì péré,
ṣùgbọ́n nígbà tí mo gbé e, ẹ̀yìn mi dáhùn.
Ó tú u kí n tó sọ̀rọ̀.
Irin ńlá jókòó síbẹ̀ bí orí iṣu tí a fi pamọ́ fún àlejò.
"Ihò abẹ́rẹ́ nìyí," ló wí.
"Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń gbé ohùn rẹ̀ dìde
kí wọ́n tó ní kó rìn."

Lálẹ́, ó kọ́kọ́ ń kùn,
ó ń kùn bí oyin inú ògiri,
títí mo fi rántí wáyà ilẹ̀, tín-ín-rín, tí n kò so.
Mo so ó. Ilé pa lọ́lọ́.

Ní oṣù tó kẹ́yìn, ohùn bàbá mi náà kéré báyẹn.
Àlejò á ti Ìta-Ògbólú wá, á jókòó, kò ní gbọ́ nǹkan kan.
Ìyá mi á tẹ etí sí i lẹ́nu, á gbórí sókè:
"Ó ní ẹ kú ìrìn. Ó ní ṣé òjò ti dé oko yín?"
Kò fi oyin kún un, kò yọ iyọ̀ níbẹ̀.
Lọ́jọ́ tó bú àbúrò rẹ̀, ó bá a bú u.

Mo gbé abẹ́rẹ́ lé àwo. Mo yí bọ́tìnnì sọ́tùn-ún.
Ìyá mi jáde láti yàrá.
"Dín in kù."
Mo dín in kù.
"Dín in kù sí i. Kì í gbọ́ ọ sókè tó báyẹn."
Mo dín in kù títí òjò orí páànù fi fẹ́ borí rẹ̀.
Ó fa àga sún mọ́ sípíkà,
ó tẹ orí,
bí ẹni tó fẹ́ sọ ohun tó wí fún wa.